Latitude 5490: géèmù ń wọ́ bí iná bá wà, ó ń sáré bí NEPA bá mú iná lọ

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ laptop yìí. Dell Latitude 5490 tòkunbọ̀ ni: CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Core i5-8350U, RAM 8GB, SSD 256GB, Windows 10. Intel UHD 620 tó wà nínú CPU náà ni graphics rẹ̀, kò ní òmíràn. PES 2021 àti GTA V ni mò ń gbá lórí rẹ̀.

Ohun tó ń ṣe kò yé mi rárá. Bí iná bá wà, tí mo sì ki ṣájà bọ̀ ọ́, àwọn agbábọ́ọ̀lù PES á máa rìn bí ẹni tó wọ inú odò dé ìbàdí. GTA V kì í kọjá fps (iye àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) 6 tàbí 7. Ṣùgbọ́n bí NEPA bá mú iná lọ, tó ku bátìrì nìkan, kíá ni gbogbo rẹ̀ á gbéra, GTA V á tó 20. Ṣebí ìgbà tí iná bá wà gan-an ló yẹ kó dára?

Task Manager ń kọ 0.39GHz fún CPU lórí iná, kì í sì kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe ooru, fáànù kò tilẹ̀ pariwo. Mo ti tún Windows fi sí i, mo ti gba driver tuntun, mo ti yí power mode sí "Best performance", pàbó ló já sí. Ẹnì kan ní iná àdúgbò wa ló rẹlẹ̀, kí n ra stabilizer. Ẹlòmíràn ní kí n wọ registry (ibi tí Windows ń kọ ètò rẹ̀ sí) kí n sọ VRAM (memory tí graphics ń lò) di 512MB. Èwo ni kí n ṣe?

Ó ku ọ̀kan: nígbà mìíràn bátìrì kì í gba iná, á kàn kọ "plugged in, not charging". Bí mo bá yọ ṣájà tí mo tún un kì bọ̀ ọ́, ó lè gbà. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn kan ọ̀rọ̀ yìí.

Baba_Bọ́ọ̀dù

Ó kàn án gan-an. Ohun tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín yẹn ni gbogbo ẹjọ́. Ẹ má ra stabilizer, ẹ má sì fọwọ́ kan registry. Laptop yín kò dá ṣájà náà mọ̀ ni.

Ẹ wo ẹnu ṣájà Dell yín dáadáa. Irin òrùka wà níta, òrùka kan wà nínú, pin tín-ín-rín kan sì dúró láàárín gbùngbùn. Òrùka méjèèjì ló ń gbé iná 19.5V. Pin àárín yẹn kì í gbé iná fún laptop, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ irú ẹni tí ṣájà jẹ́. Chip kékeré kan wà nínú ṣájà ojúlówó tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: DELL00AC065195033. 065 yẹn ni 65W, 195 ni 19.5V, 033 ni 3.3A. Bí bọ́ọ̀dù inú laptop bá ka ọ̀rọ̀ yìí, ó mọ iye iná tí òun lè fà láìjẹ́ pé ṣájà jóná. Bí kò bá rí i kà, kò mọ̀ bóyá 30W ni wọ́n ki bọ òun tàbí 90W, nítorí náà ó ń ṣọ́ra ṣe: kò ní fi iná sínú bátìrì, á sì fi àmì kan tí wọ́n ń pè ní BD PROCHOT so CPU mọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìsàlẹ̀ yẹn jẹ́ 400MHz lórí 8350U. Òun ni 0.39 tí ẹ ń rí. Bí graphics bá tiẹ̀ lágbára, CPU tó ń rá pálá ní 400MHz kò lè gbé iṣẹ́ fún un tó bó ṣe yẹ.

Bí iná bá wá lọ, bátìrì nìkan ló kù, bọ́ọ̀dù sì mọ bátìrì rẹ̀ dunjú. Ó tú okùn sílẹ̀ nìyẹn.

Ní ti iná tó rẹlẹ̀: ẹ ka ara ṣájà, ẹ ó rí INPUT 100-240V. Kódà bí iná àdúgbò bá wálẹ̀ sí 160V, 19.5V náà ni á máa bá jáde.

Bí ẹ ṣe máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀ rèé. Ẹ pa laptop, ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, ẹ tàn án, kí ẹ máa tẹ F2 léraléra títí BIOS (ojú ètò tó ń ṣí kí Windows tó gbéra) á fi ṣí. Lábẹ́ General, ẹ lọ sí Battery Information, kí ẹ wo ohun tó kọ síwájú AC Adapter. 65W tàbí 90W túmọ̀ sí pé ó dá a mọ̀. Unknown túmọ̀ sí pé kò dá a mọ̀. Bí ẹ bá ti wà nínú BIOS, ẹ lọ sí POST Behavior, Adapter Warnings. Bí wọ́n bá ti yọ àmì kúrò níbẹ̀, ẹ dá a padà. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí ìkìlọ̀ nígbà tí laptop ń tàn. Àwọn kan máa ń pa á kí oníbàárà má bàa rí i. Ìkìlọ̀ ni wọ́n pa, kì í ṣe àrùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ yá ṣájà Dell ojúlówó ẹlòmíràn. Bí tirẹ̀ bá fi 65W hàn, ṣájà yín ló bàjẹ́. Pin àárín lè ti tẹ̀ tàbí kó ti kán, tàbí kí wáyà rẹ̀, tó tín-ín-rín ju ti iná lọ, ti já nínú rọ́bà lẹ́bàá ẹnu, níbi tí ọwọ́ ti máa ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Bí tirẹ̀ náà bá kọ Unknown, ihò tí a ń ki ṣájà bọ̀ lára laptop ni. Lórí 5490, ihò náà àti wáyà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà kan tí a ń fà yọ lára bọ́ọ̀dù, kò gba jíjó lẹ́ẹ̀dì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba owó iṣẹ́ bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀.

Fps_Ọgọ́ta

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó ṣájà kò tíì tẹ̀ lọ́wọ́ lè fi ThrottleStop, ètò kan tó ń darí iyára CPU, yanjú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ yọ àmì kúrò níwájú BD PROCHOT, ẹ tẹ Save. CPU á fò sókè lójú ẹsẹ̀. Bátìrì kò ní torí ìyẹn gba iná o, ṣùgbọ́n géèmù á rìn.

Baba_Bọ́ọ̀dù

Àbúrò, ìyẹn dára fún àyẹ̀wò, mi ò gbà á fún lílò ojoojúmọ́. Bí ṣájà bá jẹ́ 65W ní tòótọ́, tó jẹ́ pin rẹ̀ nìkan ló kán, ewu rẹ̀ kò pọ̀. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn tí kò ní chip, ìwé 65W ni wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ wọn lára, inú wọn kò tó bẹ́ẹ̀. Bí CPU, graphics àti ojú laptop bá jọ ń fà á, ṣájà á gbóná débi pé ọwọ́ kò ní gbà á, rọ́bà ẹnu rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, BD PROCHOT yìí kan náà ni àwọn ẹ̀yà mìíràn lórí bọ́ọ̀dù lè fi ké sí CPU bí nǹkan kò bá rọgbọ fún wọn. Bí o bá pa á, o kò ní gbọ́ igbe èyíkéyìí nínú wọn. Ààbò ooru CPU fúnra rẹ̀ nìkan ló kù, ìyẹn tó ń dín iyára kù bó bá dé 100°C.

Bí wọ́n bá ní ṣájà USB-C 65W tó ń gbé 20V jáde nílé, tí ihò USB-C laptop náà sì ń gba iná wọlé, kí wọ́n fi ìyẹn gbá a títí wọ́n á fi rí owó. USB-C kì í lo pin àárín, ọ̀nà mìíràn ni òun àti laptop fi ń sọ iye iná fún ara wọn.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Unknown ni BIOS kọ lóòótọ́, wọ́n sì ti yọ àmì Adapter Warnings. Ṣájà tí mo yá fi 65W hàn, CPU sì ń gun 3GHz báyìí. Nígbà tí mo tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu tèmi, pin àárín ti tẹ̀ lọ ẹ̀gbẹ́ kan. Màá ra òmíràn.

PES ti dára, ṣùgbọ́n ó ṣì ń falẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ gbá kọ́nà. GTA V ń fò láàárín 20 sí 24 ní 1366x768, ó sì tún ń wálẹ̀ sí bíi 15 bí mo bá ti gbá a pẹ́ díẹ̀. Nínú BIOS, mo rí i pé DIMM A (ihò RAM àkọ́kọ́) jẹ́ 8192MB, DIMM B (ihò kejì) ṣófo, Memory Channel Mode sì jẹ́ Single. Ṣé ibẹ̀ ni ìyókù wà?

Àǹtí_Kóòdù

Ibẹ̀ ni ìdá tó pọ̀ jù wà. UHD 620 kò ní memory tirẹ̀, inú RAM laptop ló ti ń mú gbogbo àwòrán, àwọ̀ àti òjìji tó ń yà sójú, òun àti CPU ló sì jọ ń du ọ̀nà kan ṣoṣo. RAM DDR4-2400 kan lè gbé 19.2GB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí méjì bá wà nínú ihò méjèèjì, ó di 38.4GB. Ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, kì í ṣe ààyè. Bí ẹ bá yọ 8GB yẹn, tí ẹ ra 16GB kan ṣoṣo fi rọ́pò rẹ̀, ààyè á pọ̀ sí i ṣùgbọ́n ọ̀nà kò ní fẹ̀ sí i, owó yín á sì ti lọ. 8GB kejì ni kí ẹ rà.

Ohun tí ẹ máa béèrè fún ni SO-DIMM DDR4, 1.2V, 260 pin. Lára ìwé rẹ̀, ẹ wá PC4-2400T tàbí PC4-19200. Bí ẹ bá rí 2666 tàbí 3200, ẹ lè rà á, á kàn sáré ní 2400 lórí CPU yìí. PC3L (RAM DDR3L àtijọ́) kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, ibi tí wọ́n gé láàárín etí rẹ̀ kò sí níbì kan náà, kò sì ní wọlé. Ẹ má fi agbára tì í.

Ẹ pa laptop pátápátá, ẹ yọ ṣájà. Ẹ tú àwọn skúrù ìdérí ìsàlẹ̀, wọn kì í jáde kúrò nínú ihò wọn, ẹ má wulẹ̀ fa wọ́n. Ẹ fi káàdì ike gba ẹ̀gbẹ́ ṣí ìdérí náà, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa fà yọ ni wáyà bátìrì lórí bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà, ẹ ti RAM wọ inú ihò rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ títí wúrà etí rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbá a mú. Bí ojú laptop bá dúdú, tí iná bátìrì sì ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ tàn án, kò tíì wọlé dáadáa nìyẹn, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tún un fi sí. Bí ó bá wọlé, BIOS lè sọ pé iye memory ti yí padà, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Kí Memory Channel Mode kọ Dual ni ẹ ń wá.

Bí ẹ bá rí 4GB lówó pọ́ọ́kú, òun náà á ṣiṣẹ́: 4GB lára ti àkọ́kọ́ á bá a rìn pọ̀, 4GB tó ṣẹ́kù á dá rìn. Géèmù á jàǹfààní níbi tó bá bọ́ sí apá tó so pọ̀. 8 pẹ̀lú 8 ló dára jù.

Ní ti registry àti VRAM 512MB: nọ́ńbà tí Windows ń sọ fún géèmù nìkan ni ìyẹn ń yí padà. Ó wúlò fún géèmù tó kọ̀ láti ṣí nítorí ó ní VRAM kò tó. Kì í fi fps kankan kún un. Windows fúnra rẹ̀ máa ń jẹ́ kí graphics yìí yá tó ìlàjì RAM bó bá nílò rẹ̀.

Fps_Ọgọ́ta

Ti 15 tó ń wálẹ̀ sí bí eré bá pẹ́, ìyẹn yàtọ̀ sí ti RAM. Ẹ gba HWiNFO64 (ètò tó ń ka ooru, iná àti iyára inú laptop), ẹ ṣí Sensors, ẹ gbá GTA V fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ wá ka nǹkan mẹ́ta: CPU Package Power, GPU Clock, àti Core Temperatures.

15W ni CPU yìí lè ná lọ títí. Níbẹ̀rẹ̀ eré, wọ́n máa ń gbà á láàyè láti ná ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, lẹ́yìn náà á padà sí 15. Inú 15 yẹn ni CPU àti graphics ti ń pín jẹ, CPU sì máa ń jẹ àjẹjù. Bí Package Power bá dúró sí 15W, tí GPU Clock sì já láti 1100MHz sí 700 tàbí 800, tí ooru kò sì tíì tó 90°C, ìpín ni ìṣòro, kì í ṣe ooru. Ẹ dín ti CPU kù kí graphics lè rí jẹ. Ọ̀nà tó rọrùn jù: Power Options, Change advanced power settings, Processor power management, Maximum processor state, ẹ kọ 99%. Turbo (iyára àfikún CPU) á kú, CPU á sì dúró nítòsí 1.7GHz. Ìyẹn dára fún PES. Fún GTA V, tó ń lo CPU gan-an láàárín ìgboro tí ọkọ̀ àti èèyàn pọ̀ sí, 1.7 kéré jù. Ẹ lo ThrottleStop fún un: tan Speed Shift, ṣí fèrèsé TPL, kí ẹ kọ 24 sí Speed Shift Max. Ìyẹn ni 2.4GHz. Ẹ wo GPU Clock lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ gùn sí 26 tàbí kí ẹ sọ̀ sí 22 títí ẹ ó fi rí ibi tí fps kò ti ń já mọ́.

Àwọn kan á ní kí ẹ dín voltage kù. Láti ìgbà tí wọ́n ti kéde ihò ààbò Plundervolt ní December 2019, BIOS tuntun ti ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Bí FIVR (ibi tí a ti ń yí voltage) nínú ThrottleStop bá kọ Locked, ẹ fi í sílẹ̀. Mi ò rò pé ó tọ́ kéèyàn torí rẹ̀ dá BIOS padà sí ti àtijọ́.

Bí ó bá jẹ́ 97 sí 100°C ni ẹ rí, ẹ̀gbọ́n Baba_Bọ́ọ̀dù ló ni ẹjọ́ yẹn.

Settings: PES kì í gé bí GTA. A ṣe é fún fps 60, bí kò bá sì tó bẹ́ẹ̀, eré fúnra rẹ̀ ló ń falẹ̀, wákàtí inú eré náà pàápàá. Nítorí náà, 60 tó dúró sójú kan ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe ẹwà. Ẹ ṣí Settings.exe tó wà nínú fódà géèmù, ẹ fi í sí 1280x720, quality Low. 1920x1080 ní ẹ̀ẹ̀mejì àti ìdámẹ́rin iye àmì (pixel) tó wà nínú 1280x720, gbogbo rẹ̀ ni UHD 620 sì ní láti kùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ́nà ń falẹ̀ nítorí pé àwọn èrò ìwòran àti agbábọ́ọ̀lù kún ojú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní GTA V: 1280x720, MSAA Off, gbogbo ohun tó bá ní Normal kí ẹ fi sí Normal, pàápàá Grass àti Shadow. Grass ni yóò pa yín bí ẹ bá ti wa ọkọ̀ kúrò ní ìgboro bọ́ sí orí òkè. Population Density, ẹ fà á wálẹ̀ sí ìdajì. Nínú Advanced Graphics, ẹ pa gbogbo rẹ̀, Extended Distance Scaling sí òdo. Ẹ sì pa gbígba fídíò lẹ́yìn tó wà nínú Xbox Game Bar.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Mo ti fi HWiNFO wò ó. Package Power kò tilẹ̀ dé 15W mọ́ bó bá pẹ́, 11 sí 12W ni, àmọ́ ooru wà ní 98°C. Fáànù ń pariwo báyìí, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì kéré.

Baba_Bọ́ọ̀dù

Ooru ni, a ti rí i. Kí 12W gbé CPU yìí dé 98°C kò bójú mu. Eruku ti dí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, tàbí kí thermal paste (èlò rírọ̀ tó ń gbé ooru kúrò lára CPU) ti gbẹ, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ méjèèjì. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ máa ṣí i nítorí RAM, ẹ ṣe é pọ̀.

Ẹ yọ wáyà bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo tún un sọ. Eruku kì í jókòó sára abẹ́ fáànù nìkan. Àárín fáànù àti irin olójú wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló máa ń di bí aṣọ, ẹni tó bá fẹ́ atẹ́gùn láti ìta kàn ń tì í wọlé sí i ni. Ẹ yọ fáànù kúrò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kó o jáde láti inú. Bí ẹ bá máa fẹ́ atẹ́gùn sí fáànù, ẹ fi ìka di abẹ́ rẹ̀ mú kó má yí.

Heatsink (irin tó ń fa ooru kúrò lára CPU) ní skúrù tí wọ́n kọ 1 sí 4 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ máa tú u láti 4 wá sí 1, kí ẹ dè é padà láti 1 lọ sí 4, díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má tẹ̀ sí apá kan. Ojú CPU inú laptop kò ní irin tó bò ó, silicon gan-an lẹ ń wò, igun rẹ̀ sì lè kán bí ẹ bá fi screwdriver ha á. Isopropyl alcohol 90% sókè àti aṣọ tí kì í bó irun ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ wá fi paste tuntun bo gbogbo ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lórí ojú tí kò ní irin yìí, ibi tí paste kò bá dé á gbóná lọ́tọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ tẹ́ ẹ dé igun, kì í ṣe kí ẹ kán an sí àárín nìkan.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dì í tán, ẹ gbé HWiNFO padà. Bí 15W bá dúró lábẹ́ 85°C, ẹ ti bọ́. Ìgbà náà ni kí ẹ tó wá lo 99% tàbí 24 tí àbúrò sọ, nítorí bí ooru bá ṣì wà, nọ́ńbà tí ẹ bá rí níbẹ̀ kò ní bá ọ̀la mu.

Ṣájà tí ẹ fẹ́ rà ńkọ́? Ẹ gbé laptop lọ sí ìsọ̀ náà, ẹ wọ BIOS níbẹ̀, kí ẹ rí 65W kí ẹ tó sanwó. Ẹ mi wáyà rẹ̀ lẹ́bàá ẹnu, ẹ yọ ọ́, ẹ tún BIOS wọ̀. Ẹni tó bá ní kò sí àyè fún àyẹ̀wò, ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.